Ẹ̀wà Tí Kòkòrò Kọ̀ Tí Kò Jẹ



Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀lé ìyá ilé wa lọ ra oúnjẹ ní ọjà kan ní Òṣogbo. Láti Ọ̀fàtẹ̀dó níbí, ìrìn náà ò tó nǹkan, àmọ́ ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ máa wá iṣẹ́ tí wọ́n á fi mọ̀ pé ó ṣì wúlò nínú ilé. Èmi ni mo gbé àpò ọjà. Bí a ṣe dé ìdí àwọn ẹlẹ́wà, ọ̀kan nínú wọn pè mí.

"Bàbá, ẹ wá wo ojúlówó ẹ̀wà. Kò sí kòkòrò kan ṣoṣo nínú ẹ̀."

Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Lóòótọ́, ẹ̀wà olóyin ni, ó ń dán, kò sí ihò lára ẹyọ kan. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ìgbà wo lẹ ti kó èyí pamọ́?"

"Ha, ó ti pẹ́, Bàbá. Láti ìgbà Kérésì ni. Ẹ wá wò ó, kò lu rárá."

Oṣù kẹjọ la wà yìí. Mo ní, "Kí lẹ fi sí i?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó kọjú sí ìyàwó mi: "Ìyá, ẹ gbà mí lọ́wọ́ bàbá yìí o."

Ìyá ilé wa ò tilẹ̀ dúró. Ó ti kọjá sí ìsọ̀ kejì, níbi tí ẹ̀wà ti ní ihò níhìn-ín lọ́hùn-ún, tí kòkòrò méjì mẹ́ta sì ń rìn lórí ẹ̀. Ó ra kóńgò mẹ́ta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó bá wa lọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, ò lè pa á mọ́ra: "Dádì, ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ lẹ wá fowó rà yìí?" Mo dá a lóhùn pé torí pé kòkòrò ti jẹ ẹ́ la ṣe rà á. Ó wò mí bíi pé ọjọ́ ogbó ti ń dà mí láàmú.

Ìdáhùn tí mo fún un yẹn, ìdajì òótọ́ ni. Mo máa san ìdajì tó kù tó bá yá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ kòkòrò náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ṣe iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò láyé ijọ́un ò ní gbàgbé ẹ̀: ìgò kékeré, ẹ̀wà 50, akọ méjì, abo méjì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́nu ìgò, kí ẹ máa wá kà wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Callosobruchus maculatus ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwa onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àwọn kan rò pé inú àpò ló ti ń wọ ẹ̀wà. Àwọn mìíràn ní ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ló ń bí i tó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oko ló ti ń bá a bọ̀. Nígbà tí èèpo ẹ̀wà bá ti ń gbẹ lórí ìtàkùn, abo kòkòrò yìí á fò wá, á yé ẹyin sí i. Àwọn díẹ̀ tó bá bá ẹ̀wà dé inú àpò ló ń di ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Abo kan lè yé ẹyin tó sún mọ́ 100. Ẹyin náà funfun, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó sì lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀wà bí ìgbà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ẹ̀wà díẹ̀ sínú oòrùn kí ẹ wò ó fínnífínní, ẹ máa rí i. Lẹ́yìn bí ọjọ́ márùn-ún, ìdin á pamọ lábẹ́ ẹyin yẹn, á gbẹ́ ẹ̀wà wọlé tààrà. Kò tún ní yọjú síta mọ́. Inú ibẹ̀ ló ti máa jẹun, ibẹ̀ ló ti máa dàgbà, títí á fi di odindi kòkòrò. Gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ nínú irú ooru tiwa yìí. Ihò róbótó tí ẹ ń rí, ilẹ̀kùn tó gbà jáde ni, kì í ṣe ibi tó gbà wọlé. Èyí tó ń rìn kiri nínú abọ́, tí ẹ ń fi ìbínú tẹ̀ pa, kò jẹ ẹ̀wà mọ́. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láyé: á gùn, á yé ẹyin, á kú.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ká sọ pé 20 péré nínú ọmọ abo kan ló yè tó sì jẹ́ abo. Lóṣù kan, 20. Lóṣù méjì, 400. Lóṣù mẹ́ta, 8,000. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà tí ẹ rà ní oṣù kọkànlá, tó mọ́ lójú, fi ń di ìyẹ̀fun kó tó di ìgbà Àjíǹde, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ má wá bínú jù sí ẹlẹ́wà. Apá òkè ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà wa ti ń wá, ìparí ọdún ni ìkórè, ìgbà yẹn náà ló ń dínwó. Ẹni tó bá lè tọ́jú u di ìgbà òjò ló ń jèrè. Obìnrin tó yá owó ẹgbẹ́ ra àpò mẹ́wàá, tó ń gbọ́ tí kòkòrò ń ṣe ṣìkìṣìkì nínú rẹ̀ lóru, ẹ sọ fún mi ohun tí ẹ rò pé ó máa ṣe. Ohun tí aládùúgbò rẹ̀ bá sọ fún un ló máa ṣe.

Ohun tí aládùúgbò máa ń sọ fún un kì í ṣe tòní. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, àwọn bàbá yín tó ní oko kòkó mọ Gammalin 20 bí ẹni mọ owó. Kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó ni wọ́n ṣe é fún, èròjà tó wà nínú rẹ̀ sì ni lindane. Láti oko kòkó ló ti dé odò, tí àwọn kan fi ń pa ẹja. Láti odò ló ti dé inú àpò ẹ̀wà. Lindane kì í tètè jẹrà. Ó máa ń wà nínú ilẹ̀, nínú omi, nínú ọ̀rá ara ènìyàn àti ẹran fún ìgbà pípẹ́. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Stockholm fi í sára àwọn èròjà tí wọ́n fẹ́ mú kúrò láyé. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 2008, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó lé ní 100 ní Doma, ní ìpínlẹ̀ Gombe, dèrò ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ̀wà. Lọ́dún yẹn kan náà, ọmọ méjì kú ní Bekwarra, ní ìpínlẹ̀ Cross River, lẹ́yìn ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín.

Lẹ́yìn Gammalin ni dichlorvos gba ipò, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sniper. Oògùn oko ni. Wọn ò ṣe é fún oúnjẹ tó ti wà nínú àpò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, wọ́n sì ń sún òfin náà síwájú lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ìdí ni pé ìwọ̀n dichlorvos tí wọ́n gbà láyè kò ju 0.01 mílígírámù lọ nínú kílò kan, ohun tí wọ́n sì ń bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 títí dé 4.6. Èyí tó pọ̀ jù yẹn, ìlọ́po 460 ni. Nígbà tí ìròyìn yẹn jáde, ohun tí àwọn ènìyàn wa ń sunkún lé lórí ni owó ilẹ̀ òkèèrè tí a pàdánù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó wá jẹ ẹ̀wà tí wọ́n dá padà, àti èyí tí wọn ò tilẹ̀ gbé lọ rárá. Àwa náà ni. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré oníwọ̀n 100 mílílítà tí wọ́n ń tà káàkiri, torí pé àwọn ènìyàn tún ń fi í gba ẹ̀mí ara wọn.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Nígbà tí ọpọlọ bá rán iṣan níṣẹ́, ó ní èròjà kan tó ń gbé iṣẹ́ náà dé ibẹ̀, ó sì ní èròjà kejì tó ń nu iṣẹ́ náà kúrò lójú ẹsẹ̀, kí iṣan lè sinmi. Dichlorvos máa ń so ọwọ́ ẹni kejì yìí. Iṣẹ́ á wá máa dé láìdáwọ́ dúró. Ohun tó ń pa kòkòrò nìyẹn, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín kòkòrò àti ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa làágùn, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, omi á máa jáde lójú, á bì, á ṣu, ẹyinjú dúdú á kéré bí orí abẹ́rẹ́, mímí á nira. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ilé ìwòsàn ni o, lójú ẹsẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ atropine wà. Ẹ má fún un ní epo pupa mu. Epo pupa ò pa májèlé yìí. Ẹ má sì fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun kó lè bì.

Wọ́n á ní, "Ṣé iná ò ní lé e lọ ni?" Dichlorvos máa ń fẹ́ lọ, iná àti omi sì ń dín in kù lóòótọ́, àmọ́ ta ló mọ iye tí wọ́n dà sí i? Ìdérí ìgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn sì wúwo. Ní ti lindane, síse lásán ò mú un kúrò. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ wá ń bà mí jù lọ ni oògùn oníhóró tí wọ́n ń sọ sínú àpò, tó máa ń di gáàsì tí ọ̀rinrin bá kàn án. Ilé ìkẹ́rù ńlá tí kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ sínú àpò ẹ̀wà nínú yàrá tí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn, ó lè má jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìyá yín nílé.

Ó yá, kí n san gbèsè ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀wà tó ní ihò ò fi dandan mọ́ kúrò lọ́wọ́ oògùn. Ihò ń sọ fún yín pé nígbà kan, kòkòrò rí i jẹ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n da oògùn sí i lẹ́yìn tó lu. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí kò ní ihò ò fi dandan ní májèlé: ó lè jẹ́ ẹ̀wà tuntun, ó sì lè jẹ́ pé inú àpò tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀ ni wọ́n tọ́jú u sí. Kòkòrò ààyè tó ń rìn lórí ẹ̀wà ló sàn ju gbogbo ẹ̀rí lọ, torí pé ibi tí oògùn bá ṣì ti ń ṣiṣẹ́, kò lè máa ṣeré. Àmọ́ ẹ̀wà tí wọ́n kó pamọ́ fún oṣù mẹ́jọ, tí ẹni tó ni ín bá fi ẹ̀rín dáhùn ìbéèrè yín, ẹ kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan tún ń sọ pé ẹ̀wà tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà ni kòkòrò ò fi jẹ ẹ́. Rárá o. SAMPEA 20-T tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù kejìlá ọdún 2019, ìdin Maruca tó ń ba èèpo àti òdòdó ẹ̀wà jẹ́ lóko ni wọ́n ṣe é lòdì sí. Kòkòrò inú àpò ò bìkítà fún un.

Kí la wá lè ṣe nílé? Ẹ̀wà gbígbẹ ò ní omi tó nǹkan, ìdin inú rẹ̀ ò sì ríbi mu omi. Ó ń fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn jó oúnjẹ nínú ara rẹ̀, inú jíjó yẹn ló ti ń rí omi. Bí ọ́síjìn bá tán láyìíká rẹ̀, kò ní lè jẹun mọ́, omi á tán lára rẹ̀. Òùngbẹ ló ń pa á. Lórí èyí ni Larry Murdock àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ní Cameroon ní ìparí àwọn ọdún 1980. Àpò onílọ̀ọ́po mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ló tibẹ̀ wá: ọ̀rá nínípọn méjì nínú ara wọn, àpò híhun níta. Láti 2007 ni wọ́n ti ń pín ìmọ̀ rẹ̀ kiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Kòkòrò fúnra wọn ló ń mí afẹ́fẹ́ inú àpò tán.

Ilé tó bá jẹ́ ènìyàn mẹ́rin márùn-ún ò nílò àpò ńlá. Kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ, tí ìdérí rẹ̀ le, ó tó. Àṣírí rẹ̀ ni pé kó kún dé ẹnu, kó má sí àyè fún afẹ́fẹ́. Kẹ́ẹ̀gì tó bá kún dé ìdajì, ẹ kàn kọ́ ilé fún kòkòrò ni. Ẹ dé e pa, ẹ má sì ṣí i fún oṣù méjì. Ẹni tó bá ń ṣí i lójoojúmọ́ láti bu ẹ̀kúnwọ́ kan, afẹ́fẹ́ tuntun ló ń bù fún wọn. Torí náà ìgò mẹ́wàá sàn ju kẹ́ẹ̀gì ńlá kan lọ: ẹ ṣí ọ̀kan, ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ tó ṣí èkejì. Ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ gbẹ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bu. Ẹ bu ẹ̀wà díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ fi iyọ̀ tó gbẹ sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ padà lọ sá ẹ̀wà yín.

Tó bá jẹ́ ti oòrùn, ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú sílẹ̀, ẹ da ẹ̀wà lé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí ooru inú rẹ̀ bá dé 57 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí kan, àti ẹyin, àti ìdin, àti àgbà, gbogbo wọn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú òyìnbó, fíríìsà ní ọjọ́ mẹ́ta á ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Níbí, ẹ bi àwọn oníná léèrè kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé fíríìsà.

Eérú ńkọ́? Àwọn ìyá wa lò ó, wọn ò sì jẹ̀bi. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní Cameroon, eérú tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ abọ́ mẹ́ta sí abọ́ ẹ̀wà mẹ́rin, tí wọ́n pò pọ̀ débi pé kòkòrò ò ríbi gbà rìn lọ bá ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ tí a ń bù wọ́n orí àpò, àṣà lásán ni. Ní Ọ̀fàtẹ̀dó níbí, tí orúkọ ìlú fúnra rẹ̀ ń sọ pé àwọn ará Ọ̀fà ló tẹ̀ ẹ́ dó, ilé ti ń jẹ oko tán, gáàsì sì wà ní ilé ìdáná púpọ̀, ibo lẹ fẹ́ ti rí eérú abọ́ mẹ́ta? Epo náà ń ṣiṣẹ́, ṣíbí tíì kan sí kílò ẹ̀wà kan, kẹ́ ẹ pò ó títí á fi kan gbogbo rẹ̀. Ó máa ń dí ẹyin lórí, àmọ́ epo ń mú òórùn wá tó bá pẹ́. Ní ti ata gbígbẹ, ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀ nílé mi, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kòkòrò ń rìn lórí ata bí ẹni ń gbatẹ́gùn. Ìdin tó wà nínú ẹ̀wà ò gbọ́ òórùn ata.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ràn láti máa sọ pé ohun àdáyébá ni kì í pani lára. Kòkòrò náà, ohun àdáyébá ni. Kánún tí a ń sọ sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, ohun àdáyébá ni, ó sì ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú dípò kánún. Ẹ da omi rẹ̀ nù, torí pé díẹ̀ nínú ṣúgà tó ń mú inú wú máa ń bá omi yẹn lọ.

Kóńgò mẹ́ta wa dé ilé. Ìyá ilé wa fẹ́ ẹ, ó da á sórí atẹ, àwa mẹ́ta sì jókòó ṣà á. Kòkòrò di tàwọn adìyẹ. Èyí tí a fẹ́ sè, a bu omi sí i, àwọn oníhò tí inú wọn ti ṣófo léfòó, a kó wọn dànù. Kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Àgbàdo tútù ń bẹ níta báyìí, torí náà àdàlú la sè: ẹ̀wà rọ̀ díẹ̀ kí àgbàdo tó wọlé, lẹ́yìn náà ata, àlùbọ́sà, epo pupa, edé díẹ̀, iyọ̀. Èròjà lysine tí àgbàdo ò ní tó, ẹ̀wà ní in. Methionine tí ẹ̀wà ò ní tó, àgbàdo ní in. Àwọn ìyá wa ò mọ orúkọ méjèèjì, wọ́n kàn mọ̀ pé ọmọ tó bá jẹ ẹ́ ń dàgbà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ àwo méjì. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, a fún un ní kóńgò kan nínú ìgò omi oníke, lítà kan ààbọ̀. Kóńgò náà ò wọ̀ ọ́ tán, a gbọ̀n ọ́n títí ó fi kún dé ẹnu, a dé e pa, mo kọ ọjọ́ sí i lára: ìparí oṣù kẹwàá. Ó ti tẹ̀ mí láago lẹ́ẹ̀mejì pé òun rí kòkòrò kan tó ń rìn nínú ìgò, ṣé kí òun ṣí i kí òun yọ ọ́? Mo ní kó fi í sílẹ̀.